PIN Ìyá Wa Kò Yẹ Kó Wà Lọ́wọ́ Wa

Nínú gbogbo àwa tí à ń kọ̀wé síbí, bóyá la fi lè rí ẹni tí kò mọ PIN ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa mọ ti ìyá àgbà pẹ̀lú. Àwọn tó gba yàrá ní Ìkirè nítorí iléèwé mọ ti màmá onílé, àwọn kan sì mọ ti ìyá tó ń ta ọṣẹ níwájú ilé. A kò yọjú wò ó. Wọ́n pè wá ni, wọ́n na fóònù sí wa, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan tó wà níbí yìí." Kí a tó dáhùn, wọ́n ti ka nọ́ńbà mẹ́rin náà síta ketekete, bí ẹni tó ń ka iṣu fún oníbàárà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àìmọ̀wé ló fà á. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa rí ni pé àwọn tó kó báńkì sínú fóònù kò bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, àwa ọmọ ni wọ́n sì sọ di ògbufọ̀ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ náà léwu fún ìyá, ó sì léwu fún ọmọ.

Ẹ lọ sí ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn onídòdò máa ń dúró sí. Fún ẹni tí kò bá mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń fi epo pupa dín títí yóò fi dúdú. Bọ́ọ̀sì á dúró, dẹ́rẹ́bà kò ní pa ẹ́ńjìnnì. Èrò kan á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, á gba dòdò, á ní òun kò ní owó lọ́wọ́, kí màmá mú nọ́ńbà àkáǹtì wá. Màmá ti há a sórí, yóò kà á. Èrò á tẹ fóònù, á yí ojú rẹ̀ síta: "Ó ti lọ, màmá." Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tó wà níbẹ̀, lẹ́tà kéékèèké, pẹ̀lú àmì máàkì aláwọ̀ ewé kan lókè. Bọ́ọ̀sì á gbéra. Alẹ́ẹ̀tì lè dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè má dé rárá. Bí fóònù bá tiẹ̀ dún, màmá kò mọ̀ bóyá owó ló wọlé ni àbí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ló tún ń polówó orin. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò wá ọmọ iléèwé tó ń kọjá.

Kò tíì pẹ́ tí ọjà wa di báyìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn máa yí àwọ̀ owó náírà padà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, owó bébà ti di ohun tí à ń fi owó rà. Kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà tí kò ní àkáǹtì rí ti ní àkáǹtì lórí fóònù. Ta ló ṣí i fún wọn? Ọmọ wọn ni, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí ọmọkùnrin oníPOS tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ wọn. Ẹni tó ṣí i náà ló yan PIN. Ọjọ́ ìbí àbígbẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń lò, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ọjọ́ náà, nítorí gbogbo àdúgbò ló jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ rẹ̀.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníPOS kan ní ọjọ́ ọjà Àpòmù, kí ẹ sì tẹ́tí. Ẹ ó gbọ́ PIN bíi mẹ́wàá kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Àwọn àgbà kì í tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́: "Méjì, òdo, méje, méje." Ẹni tó tò sẹ́yìn gbọ́, ẹni tó ń ta gààrì gbọ́. A kò pe oníPOS ní olè. Ọmọ àdúgbò ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ ti di ohun tí gbogbo ọjà mọ̀.

Ọjà Àpòmù yìí kì í sì í ṣe ọjà kékeré nínú ìtàn. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò láyé àtijọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìjà lórí iye atare tí wọ́n kà fún oníbàárà ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Atare nìyẹn o, tó wà nílẹ̀ gbalaja, tí olùtà àti olùrà lè tún kà níṣojú ara wọn, ó sì tún di ogun. Lónìí, ẹnì kan péré nínú àwọn méjèèjì ló lè ka ohun tó wà lójú fóònù.

Àwọn tó ń sọ pé àìmọ̀wé ni, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè: kí ni àwọn obìnrin yìí fi ń tọ́jú owó kí fóònù tó dé? Ẹ wo káàdì alájọ. Páálí kékeré ni, wọ́n fa ilà sínú rẹ̀, àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láràárọ̀ alájọ á dé, á gba owó, á fi bírò máàkì àpótí kan. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè ka iye máàkì. Tí alájọ bá fo ọjọ́ kan, ojú ẹsẹ̀ ni yóò rí i. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ ń mú fún iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í pe ọmọ kankan wá túmọ̀ rẹ̀. Baálé ilé pàápàá kò ní láti mọ iye tó wà níbẹ̀, àìmọye owó iléèwé tí àwọn bàbá gbàgbé ni wọ́n sì ti fi owó bẹ́ẹ̀ san. A kò sọ pé àjọ kò ní àléébù. Alájọ ti kó owó sá lọ rí, òmíràn yóò sì tún sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ fa ilà sínú káàdì yẹn mọ ẹni tó máa lò ó.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, púpọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní aláìmọ̀wé yìí mọ̀wé. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ìyá àgbà kan wà tí wọ́n wọ iléèwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n ka Aláwìyé ti J. F. Ọdúnjọ kí oko tàbí ọkọ tó mú wọn kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn, ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wọn. Ti àwọn tó jókòó ní ilé kéú ńkọ́? Lẹ́tà Lárúbáwá tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè kà ni wọ́n ń kà. A mọ ìyá kan ní Àpòmù tó máa ń ka Sáàmù láti ìgbà tó bá gbé ògì kaná títí ògì á fi jinná, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wá gbé fóònù rẹ̀ fún un pẹ̀lú "Insufficient funds" lójú rẹ̀, yóò na án padà sí yín.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tajà. Ẹ tan rédíò, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwe àti orin polówó dátà. Tí ẹ bá pe nọ́ńbà àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú oníbàárà ilé-iṣẹ́ fóònù, wọ́n á ní kí ẹ yan èdè, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi tí owó ti ń kúrò lọ́wọ́ èèyàn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé kí o tẹ nọ́ńbà kan tí o bá fẹ́ orin ìpè. Ìyá á tẹ nǹkan kí ariwo fóònù lè dákẹ́, ó ti ra orin nìyẹn, wọn yóò sì máa yọ owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà: àjọ NCC tó ń darí ètò ìbánisọ̀rọ̀ ti gbé e jáde láti 2016 pé ẹni tí kò bá fẹ́ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó mọ́ lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. A ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe é. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ìyá wa kọ láti fi dá Gẹ̀ẹ́sì dúró. Gẹ̀ẹ́sì náà ni.

Ti USSD tún wá burú sí i. Àwọn kóòdù oníràwọ̀ tí à ń tẹ̀ lórí fóònù kékeré láti fi owó ránṣẹ́ là ń sọ, èyí tí kò nílò dátà, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló bá àwọn ìyá wa mu jù. Tẹ́lẹ̀, báńkì ló ń yọ owó iṣẹ́ náà nínú àkáǹtì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, inú owó ìpè oníbàárà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá o fara mọ́ ọn kí wọ́n yọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń béèrè. Àwa yóò tẹ 1, a ó tẹ 2, ó ti parí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ìyá tó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àsìkò á tán mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú fóònù á ṣófo, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì tún sanwó. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà ló ń san jù.

Ẹlẹ́rọ kan lè dá wa lóhùn pé àwọn àmì Yorùbá ló fa wàhálà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 tí ó bá jẹ́ pé àwọn lẹ́tà tó wà nínú àkójọ tí wọ́n ṣe fún GSM ní Yúróòpù nìkan lo lò. Àkójọ yẹn ní à, è, é, ì, ò àti ù, nítorí pé àwọn ará Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, 160 á di 70, owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan á sì di ti méjì tàbí mẹ́ta. Ó dáa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà 70 yìí náà ni àwọn ará Ṣáínà àti àwọn Lárúbáwá ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò torí ẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí báńkì bá sì ń ṣahun owó, kó kọ "Owo wole: 5000 naira" láìsí àmì kankan. Àwa tí wọ́n ń fi àmì ohùn já máàkì wa gẹ lójoojúmọ́ la ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Nínú ewì àti nínú ìdánwò, a ó fi àmì sí i. Nínú alẹ́ẹ̀tì, kí ìyá onídòdò mọ̀ pé owó rẹ̀ dé ló ṣe pàtàkì. Fún ẹni tí kò lè ka Yorùbá rárá, ohùn ńkọ́? Nọ́ńbà kan tí èèyàn máa pè, tí yóò sọ iye tó wọlé gbẹ̀yìn fún un. Ẹ̀rọ tó lè kọrin Yorùbá sí wa létí kí ìpè tó wọlé lè ka owó ní Yorùbá.

Kì í ṣe ohun tí ayé kò rí rí. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ M-Pesa ní 2007, orúkọ rẹ̀ pàápàá gba "pesa" sínú, ìyẹn owó ní èdè Swahili, oníbàárà sì lè yan Swahili lórí fóònù rẹ̀. Níbí gan-an, àwọn ẹ̀rọ ATM báńkì mélòó kan ti ní Yorùbá lára èdè tí èèyàn lè yàn. Àjọ NCC kò sì ṣàìlágbára. Ní 2023, wọ́n pàṣẹ kí gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù máa lo kóòdù kan náà, ni *310# fi di ti gbogbo ayé fún wíwo owó ìpè. Ẹni tó lè fi dandan lé kóòdù lè fi dandan lé èdè. Kí ohun àkọ́kọ́ tí fóònù máa béèrè jẹ́ èdè, kí ó sì máa rántí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tí à ń béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan nínú wa ní a ń fi ọ̀ràn kékeré ṣe ńlá, pé ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kò sọ nǹkan nù. Ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀kan nínú wa ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìkirè. Òun ló ń bá wọn ṣe gbogbo ohun tó jẹ mọ́ owó lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, àǹtí ní kó fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ata fún wọn. Ó fi ránṣẹ́, owó kúrò nínú àkáǹtì, kò dé ọ̀dọ̀ aláta. Àǹtí kò bínú, wọn kò fẹ̀sùn kàn án. Wọ́n kàn dẹ́kun pípè é ni. Ọmọ aládùúgbò ni wọ́n wá ń gbé fóònù lọ fún, oúnjẹ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ bó ṣe máa ń wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú ilé ti tán. Ó tó oṣù kan àti ààbọ̀ kí fóònù náà tó tún kan ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ó kún, kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, wọ́n ní kó bá àwọn pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́. Níbẹ̀ ló ti rí i. Báńkì ti dá owó náà padà ní ọjọ́ kọkànlá. Alẹ́ẹ̀tì tó lè dá a láre wà nínú fóònù àǹtí látọjọ́ náà, ní Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ìpolówó méjì.

Àwọn ọmọ tó ń jí owó ìyá wọn wà lóòótọ́. Ẹ wo àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó wà láti òpópónà Ìkirè dé Àpòmù, owó tó ń wọ ibẹ̀ kò já bọ́ láti ọ̀run. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí wọ́n kó gbogbo ọmọ sí ipò tí olóòótọ́ àti olè á fi jọra lójú ìyá wọn. Àti pé ìyá náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wa mọ iye tó kù nínú àkáǹtì ìyá wa nígbà tí à ń béèrè owó oúnjẹ. Àwọn náà mọ̀ pé a mọ̀. Kò sí ìyá láyé alájọ tó ní láti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn aláṣẹ tó gbọ́, mẹ́rin nínú wa máa ń jókòó ti àwọn ìyá kan lọ́sàn-án Sátidé. A kì í fọwọ́ kan fóònù wọn. Lẹ́tà mẹ́ta péré la fi bẹ̀rẹ̀: C, D àti R. CR, owó wọlé. DR, owó jáde. Ìyá onídòdò kan ní C dà bí òrùka tí wọ́n gé, D sì dà bí ikùn aboyún, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá sì lóyún, owó rẹ̀ máa jáde. Kò tíì ṣì í rí láti ọjọ́ náà.

A tún ń bá wọn kọ bí ojú USSD ṣe yẹ kó rí ní Yorùbá, kí a lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn. A kọ "Ẹ fi owó ránṣẹ́" síbi àkọ́kọ́. Wọ́n ní ta ló ń sọ ìyẹn lọ́jà, tiransífà ni kí a kọ. A gbà. A kọ "Ẹ wo iye tó kù," wọ́n fara mọ́ ọn. Ti PIN ló ń fa àríyànjiyàn di bí a ṣe ń wí yìí. A dábàá "nọ́ńbà ìdánimọ̀," wọ́n ní ó dà bí ohun tí wọ́n ń pín ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹnì kan ní "kọ́kọ́rọ́." Ẹnì kan nínú wa wá ní kí a pè é ní "nọ́ńbà àṣírí," ni ìyá aláṣọ bá bú sẹ́rìn-ín: "Àṣírí wo ló wà nínú ohun tí mo ti sọ fún gbogbo yín?"